Bílíìṣì Tí Olówùú Dà Sínú Àpótí Ẹja

Olówùú ni gbogbo àdúgbò ń pe obìnrin aránṣọ tó ní ṣọ́ọ̀bù sí ìsàlẹ̀ ilé alájà mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́. Òwú ló fún un lórúkọ: òwú pupa, òwú dúdú, òwú aláwọ̀ ewé, gbogbo rẹ̀ tò sára ògiri láti ilẹ̀ títí dé òkè. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà tó mọ̀ ọ́n dénú, bí wọ́n bá ti jáde tán, wọn a yí ohùn padà díẹ̀, wọn a ní, "Òwú ló ń tò, owú ló ń jẹ." Wọn kò parọ́ mọ́ ọn. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ níbi iṣẹ́, ó lawọ́, bí ara rẹ kò bá sì yá, òun ni yóò kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn rẹ. Àmọ́ tó bá rí aṣọ tuntun lọ́rùn rẹ tí kì í ṣe òun ló rán an, kò ní kí ọ dáadáa títí aṣọ náà yóò fi ṣá.

Onígíláàsì lọkọ rẹ̀. Fèrèsé àti dígí ló fi ń ṣiṣẹ́ ṣe. Ọkùnrin tútù ni, ẹni tí í fi ọ̀rọ̀ kan dáhùn ìbéèrè mẹ́wàá. Ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́ ti ṣaláìsí kí òun àti Olówùú tó pàdé. Nígbà tí Olówùú gbà láti fẹ́ ẹ, ohun tó fi ń tu ara rẹ̀ nínú ni pé òun kò kúkú ní í ní orogún. Àṣé orogún tó ti kú le ju èyí tó wà láàyè lọ. Èyí tó wà láàyè á ṣẹ̀ ọ́, ẹ ó jà, ẹ ó sì parí rẹ̀. Èyí tó ti kú kì í jẹ́ kí ọbẹ̀ jóná, kì í jágbe mọ́ ọkọ, kì í darúgbó. Fọ́tò rẹ̀ á kàn máa rẹ́rìn-ín lára ògiri, ẹrẹ̀kẹ́ rẹ̀ á máa dán.

Olówùú fi ọgbọ́n bá fọ́tò náà ṣe. Ó kọ́kọ́ gbé e kúrò ní pálọ̀ lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní ògiri pálọ̀ ń rin. Nígbà tó yá, ó gbé e kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ sí yàrá tí wọ́n ń kó ẹrù sí, ó ní eruku ti pọ̀ jù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó pààrọ̀ kọ́tìnnì. Ó rán aṣọ tuntun fún gbogbo àga. Ó kó àwọn ife tí olóògbé rà, ó fi ta ìyá arúgbó kan ní ìsàlẹ̀ lọ́rẹ. Nígbà tó ṣe gbogbo rẹ̀ tán, ohun kan ṣoṣo ló kù tí apá rẹ̀ kò ká: àpótí ẹja.

Gíláàsì ni àpótí náà, ó gùn tó bẹ́ẹ̀dì ọmọdé, omi iyọ̀ bí omi òkun ló kún inú rẹ̀. Yanrìn funfun wà nísàlẹ̀, òkúta tó ní ihò wà láàárín, iná búlúù wà lókè. Ẹja inú rẹ̀ kì í ṣe ẹja tí ènìyàn ń jẹ. Àwọn kan pọ́n bí ọsàn, ìlà funfun sì yí wọn lára. Ọ̀kan rí pẹrẹsẹ bí àwo, ó yẹ́lò rekete. Onígíláàsì fúnra rẹ̀ ló gé gíláàsì náà, tó sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, kó tó bọ́ bàtà, iwájú àpótí yẹn ni yóò ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Yóò tẹjú mọ́ ọn, yóò sì ní, "Ẹ kúulé o."

Inú ilé ìdáná ni Olówùú máa ń wà nígbà náà, á máa gbọ́. Á ní nínú ara rẹ̀ pé, "Ẹ wò ó, ẹja ló ń kí! Èmi tí mo sè, tí mo gbálẹ̀, ẹja ló ṣáájú mi."

Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ, ó bi í pé ta ló ni àwọn ẹja náà. Ọkọ rẹ̀ fèsì ní ọ̀nà tirẹ̀, ó ní, "Láti ayé ìyàwó mi ni wọ́n ti wà ńbẹ̀." Kò fi kún un. Olówùú kò sì tún bi í mọ́, nítorí ó gbà pé òun ti gbọ́ èyí tó yẹ kí òun gbọ́. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti kọjá níwájú àpótí yẹn, bí ẹni pé olóògbé jókòó sínú omi, tó ń fi ojú ẹja wo òun ló máa ń ṣe é.

Èyí tó wá le jù níbẹ̀ ni àbúrò olóògbé. Olùkọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ ni, ibi adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ìjọba ló ti ń kọ́ àwọn ọmọdé. Èjìká rẹ̀ gbòòrò, irun rẹ̀ kúrú, òórùn omi adágún kì í kúrò lára rẹ̀. Gbogbo Sátidé ló ń wá pààrọ̀ omi àpótí, ó sì ní kọ́kọ́rọ́ ilé náà lọ́wọ́ tirẹ̀. Bó bá ti ṣílẹ̀kùn, á ní, "Ìyàwó wa, ẹ kúulé o!" Olówùú dàgbà ju ọmọbìnrin náà lọ dáadáa, ó sì ti pẹ́ nílé ọkọ, síbẹ̀ ìyàwó ni wọ́n ṣì ń pè é. Á fi ẹnu dídùn dáhùn pé, "Káàbọ̀, àbúrò mi," ṣùgbọ́n nínú ọkàn rẹ̀, Ẹja Àrọ̀ ló ń pè é.

Ẹja Àrọ̀ á wá po iyọ̀ mọ́ omi nínú dúrọ́ọ̀mù, Onígíláàsì á bá a di rọ́bà omi mú, àwọn méjèèjì á sì máa sọ̀rọ̀ ẹja. Èyí jẹun, èyí kò jẹun. Èyí ń lé èyí kiri. Wọn á rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tí kì í fẹnu fọ̀ yìí ni yóò máa rẹ́rìn-ín! Olówùú á fi ilé ìdáná sílẹ̀, á gbé omi mímu tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè lọ bá wọn, kó lè rí i bí èjìká wọn ṣe jìnnà síra tó.

Ó ṣẹlẹ̀ nígbà kan pé olùkọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ ra ẹja tuntun kan wá, ẹja náà sì gbé àrùn wọlé. Kò pẹ́ tí nǹkan funfun tóótòòtó fi yọ sí ara gbogbo wọn, bí ẹni fi iyọ̀ wọ́n wọn. Wọ́n ń fi ara ha òkúta, wọ́n ń mí gúlegúle lójú omi. Wọ́n ra oògùn, oògùn kò ràn án. Wọ́n ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹja yẹ́lò yẹn ló kú gbẹ̀yìn, Onígíláàsì fi àwọ̀n kékeré bù ú, ó sin ín sínú ìkòkò òdòdó ní bákónì. Kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Inú Olówùú dùn, ojú sì ń tì í pé inú òun dùn. Ó mú ojú rẹ̀ rẹlẹ̀ bó ti yẹ, ó jókòó ti ọkọ rẹ̀, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ohun tó bá ti lọ ti lọ. Bóyá ká kúkú gbé àpótí yẹn kúrò. Mo lè gbé maṣíìnì mi kejì síbẹ̀, ibẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa."

Ọkọ rẹ̀ mi orí. "A ó fọ̀ ọ́ ni, a ó tún un bẹ̀rẹ̀."

Obìnrin náà dìde, ó padà sí ilé ìdáná.

Ìgbà tó yá ni foonu dún. Olùkọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ ni. Onígíláàsì gbé ohùn rẹ̀ síta kó lè máa rọ́wọ́ nu dígí kan lọ. Ọmọbìnrin náà ń ṣàlàyé bí wọn yóò ṣe pa àrùn tó kù nínú àpótí náà: kí wọ́n da yanrìn nù, kí wọ́n kó òkúta jáde, kí wọ́n rọ omi lásán kún un, kí wọ́n wọn bílíìṣì díẹ̀ sí i, ìyẹn omi tí a fi ń sọ aṣọ funfun di funfun, kí wọ́n sì jẹ́ kí pọ́ǹpù máa yí i kiri títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò dà á nù, tí wọn yóò ṣàn án léraléra, tí wọn yóò fi oògùn tó ń pa agbára bílíìṣì sí i, tí wọn yóò wá fi í sílẹ̀ kó gbẹ títí kò fi ní í rùn mọ́.

"Bùọ̀dá mi, bílíìṣì àti omi nìkan o," ló wí. "Ẹ má jẹ́ kí nǹkan mìíràn kàn án. Ẹ sì ṣí gbogbo fèrèsé. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣèyọnu, ẹ máa lọ sí ìrìnàjò yín. Màá wá fọ̀ ọ́ ní Sátidé."

Olówùú wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò sì gbọ́ ìkankan, nítorí ohùn ló ń gbọ́, kò gbọ́ ọ̀rọ̀. "Bùọ̀dá mi" ló dì mọ́ ọn létí. Bùọ̀dá mi! Bó ṣe fà á gùn bẹ́ẹ̀, bí ẹni ń fa oyin.

Onígíláàsì lọ sí ìlú mìíràn, ó lọ bá wọn so fèrèsé ilé ẹ̀kọ́ tuntun kan. Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀, Olówùú jókòó sídìí maṣíìnì, ó rán apá aṣọ kan mọ́ ibi tí ọrùn yẹ kó wà. Ó tú u, ó tún un rán, ó tún ṣì í. Ló bá sọ sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. "Tí mo bá ti fọ àpótí yẹn kí Ẹja Àrọ̀ tó dé," ló sọ fún ògiri òwú rẹ̀, "kí ló tún kù tó máa wá ṣe nílé mi? Yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, yóò wò ó pé ó ti mọ́, yóò sì padà." Ó ti ṣọ́ọ̀bù pa nígbà tí oòrùn ṣì mú, ó gòkè lọ.

Ó wọ aṣọ àlòkù, ó fi korobá gbọ́n omi, ó ń gbé e lọ dà. Ẹ̀yìn ń ro ó. Ó kó òkúta sí bákónì, ó fi àwo wa yanrìn, òórùn ohun tó ti rà sísàlẹ̀ yanrìn náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mú un bì. Ó rọ omi tuntun kún un. Ó ṣí bílíìṣì, kò wọ̀n ọ́n, ó dà á gbuu bí ẹni ń da ẹ̀ṣẹ̀ nù. Ó tan pọ́ǹpù. Ó ti gbogbo fèrèsé pa, ó fa kọ́tìnnì bò ó, torí obìnrin tó ń gbé ilé òdìkejì mọ olùkọ́ ìlúwẹ̀ẹ́, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí òun lẹ́nu iṣẹ́ náà.

Ibi tí ó ṣòro ni ìpele iyọ̀ tó ti gan mọ́ etí gíláàsì lókè. Ó funfun, ó le bí èépá. Olówùú fi fóòmù ha á, kò jáde. Ó fi ọ̀bẹ ha á, ó ń ké ṣìì, kò jáde. Ó rántí ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ àwo ilé ìyàgbẹ́. Irú èépá báyìí ni ásíìdì yẹn máa ń ká kúrò bí idán. Ó lọ gbé e wá. "Olóògbé," ó wí, bó ti ń yí ìdérí rẹ̀, "lónìí ni wàá jáde."

Ó dà á sí etí gíláàsì náà, ásíìdì sì ṣàn lọ bá bílíìṣì nínú omi.

Omi náà hó ṣùṣù. Èéfín kan gòkè, ó pọ́n fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ bí ìyeyè, ó sì bọ́ sí i lọ́fun bí ẹni ti ọwọ́ bọ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ tó sì fún un pọ̀. Ojú rẹ̀ kún fún omi. Ó wúkọ́, ìkọ́ náà kò jẹ́ kó mí, àìmí náà sì tún ń fa ìkọ́. Ó fẹ́ lọ ṣí fèrèsé, kò rí fèrèsé mọ́, kọ́tìnnì tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán ló ń dì mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó wólẹ̀ sí ẹsẹ̀ àpótí náà.

Ìgbà náà ni kọ́kọ́rọ́ yí lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Olùkọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ ló dé. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ ní ìlúwẹ̀ẹ́ ní ìdíje ní Sátidé, ló bá ní kí òun wá ṣe iṣẹ́ náà ṣáájú. Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni òórùn náà ti pàdé rẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ létí adágún ìlúwẹ̀ẹ́ mọ òórùn yẹn, wọ́n sì ti kọ́ wọn pé kí wọ́n máa sá fún un. Kò sá. Ó fa èémí sínú bí ìgbà tí ènìyàn fẹ́ wọ ìsàlẹ̀ omi, ó sé e, ó wọlé. Ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá Olówùú, ó wọ́ ọ jáde, ó wọ́ ọ sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn títí dé ẹ̀bá títì níbi tí afẹ́fẹ́ wà. Ó tún padà lọ, ó tún sé èémí, ó ṣí fèrèsé, ó sì jáde. Lẹ́yìn èyí ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ilẹ̀kùn gbogbo aládùúgbò pé kí wọ́n bọ́ síta.

Nílé ìwòsàn, wọ́n fi ohun tó ń fúnni ní afẹ́fẹ́ bo Olówùú lẹ́nu àti nímú. Nọ́ọ̀sì bi olùkọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ pé, "Kí lẹ jẹ́ sí i?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni," ọmọbìnrin náà dáhùn.

Olówùú gbọ́ ọ. Pẹ̀lú bí àyà rẹ̀ ṣe ń ta á tó, inú rẹ̀ ṣì tún ru. Ẹ̀gbọ́n wo? Òun náà ni ẹ̀gbọ́n, àbí ẹ̀gbọ́n yẹn ni wọ́n ṣì ń fi òun dí ààyè rẹ̀?

Ọjọ́ kejì ni ohùn rẹ̀ padà, ó há bí ohùn arúgbó. Olùkọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ jókòó lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ẹni tí ìdíje àwọn ọmọ tó ń kọ́ ń lọ lọ́wọ́ láìsí i níbẹ̀.

"Ìyàwó wa, kí ló dé tí ẹ ò dúró dè mí?"

Irọ́ ló wà lẹ́nu Olówùú, ṣùgbọ́n irọ́ máa ń gùn, ọ̀fun rẹ̀ kò sì lè gbé ọ̀rọ̀ gígùn. "Mi ò fẹ́ kó o wá ni."

"Nítorí kí ni?"

"Nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ. Ó ti kú, kò kúrò nílé mi. Ẹja rẹ̀ lọkọ mi ń kí kó tó kí mi."

Ọmọbìnrin náà tẹjú mọ́ ọn. Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó rín in títí nọ́ọ̀sì fi yọjú.

"Ẹ̀gbọ́n mi? Ẹ̀gbọ́n mi tí kò lè rí àpótí yẹn sójú? Ó ní omi rẹ̀ ń rùn. Ó ní iná búlúù yẹn ń fa ẹ̀fọ́rí fún òun. Èmi ni mo ni ẹja, ìyàwó wa! Ọ̀dọ̀ wọn ni mò ń gbé nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́, mo bẹ Bùọ̀dá, wọ́n bá mi ṣe àpótí. Nígbà tí mo kó jáde, yàrá kan ṣoṣo ni mo rí, kò gbà á. Ẹ ò mọ ìjà tí ẹ̀gbọ́n mi bá wa jà lórí rẹ̀! Ó ní bó pẹ́ bó yá, òun á dín wọn jẹ."

Gbogbo ọdún tí Olówùú fi ń bá olóògbé jà, àṣé ìhà kan náà làwọn méjèèjì wà! Ó rí i lọ́kàn rẹ̀, tó dúró nínú ilé ìdáná kan náà, tó ń pòṣé sí ẹ̀rín kan náà láti pálọ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó ṣe é bíi pé kí òun mọ̀ ọ́n. Nígbà tó délé, ó gbé fọ́tò náà jáde láti yàrá ẹrù, ó nù ún, ó sì fi í kọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò gbé e dé pálọ̀ ṣá o. Ìfẹ́ náà kò tíì tó bẹ́ẹ̀.

Owú kì í tètè kú, ṣe ló máa ń kó lọ sí ilé mìíràn. Bí owú olóògbé ṣe ń jáde ni òmíràn ń wọlé. Nígbà tí Onígíláàsì sáré dé láti ìrìnàjò, tí ó di ọwọ́ rẹ̀ mú títí tí kò fẹ́ fi í sílẹ̀, ìbéèrè tó dúró dè é ni pé, "Tó bá jẹ́ ẹja ọmọbìnrin yẹn ni, kí ló dé tí ẹ fi ń kí wọn?"

"Kí ta ni?"

"Ẹja. 'Ẹ kúulé o.' Lójoojúmọ́."

Onígíláàsì wò ó bí ẹni tí wọ́n bi ní èdè mìíràn. "Etí gíláàsì ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀ wò, bóyá ó ń jò. Láti ọjọ́ tí mo ti ṣe é ni ẹ̀rù ìyẹn ti ń bà mí. Ìwọ ni mò ń kí. Ilé ìdáná lo máa ń wà, o kì í dáhùn." Ó fi ọwọ́ nu iwájú orí, nítorí ọ̀rọ̀ náà ti pọ̀ fún un. "Mo rò pé inú ló ń bí ọ ni."

Olówùú ní kó bu omi fún òun mu.

Olùkọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ ló padà fọ àpótí náà bó ti yẹ. Wọ́n da omi ọjọ́sí nù, wọ́n ṣàn án, wọ́n rọ omi lásán kún un. Ó wọn bílíìṣì sí i, fèrèsé ṣí sílẹ̀ gbayawu, pọ́ǹpù ń yí i. Olówùú jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ tó ń fọwọ́ rán, lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ló ń gbọ́. Wọ́n dà á nù, wọ́n ṣàn án léraléra, wọ́n fi oògùn náà sí i, wọ́n sì fi fáànù kọjú sí i títí tó fi gbẹ, tí Olówùú fi ki orí bọ inú rẹ̀ tí kò gbóòórùn kankan.

Ìgbà náà ni ọmọbìnrin náà ní, "Ìyàwó wa, mo ti rí ilé tó tóbi díẹ̀ gbà. Bí àpótí yìí bá ń yọ yín lẹ́nu, mo lè gbé e lọ. Ẹ óò ráyè gbé maṣíìnì yín síbẹ̀."

Ohun tí Olówùú ti ń bẹ Ọlọ́run fún láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ nìyẹn. Ó la ẹnu láti dúpẹ́, ẹnu rẹ̀ sì sọ tirẹ̀:

"Gbé e lọ síbo? Èmi tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lọ sọ́run? Kò ríbi kankan lọ."

Báyìí ni àpótí náà ṣe dúró. Wọ́n rọ omi iyọ̀ tuntun sí i, wọ́n dúró ọ̀sẹ̀ mélòó kan títí omi náà fi dàgbà, tó bá ẹja lára mu, Olówùú fúnra rẹ̀ sì lọ yan ẹja ní ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́ja. Kò mú èyí tó rẹwà. Ẹja dúdú kékeré kan tó fajú ro bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè ló mú, ó ní ìwà àwọn bára mu. Òun ló ń fún un lóúnjẹ láàárọ̀, òun ló ń fún un nírọ̀lẹ́. Bó bá ti dé iwájú gíláàsì, ẹja náà á ti inú ihò òkúta jáde wá pàdé rẹ̀. Bí ọkọ rẹ̀ bá dúró níbẹ̀ pẹ́ díẹ̀ jù, á ní kó má dà á láàmú.

Ní Sátidé kan, èmi tí mo jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà rẹ̀ lọ gba aṣọ mi lọ́wọ́ rẹ̀ lókè, olùkọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ sì wọlé. Ó mú oúnjẹ ẹja dání.

"Má fún un," Olówùú ké láti ilé ìdáná. "Ó ti jẹun yó."

Kò tíì jẹ nǹkan kan, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí bí mo ṣe ń wọlé ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí ìdérí oúnjẹ rẹ̀, ló bá gbé e tì. Ọmọbìnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kàn fi ìka kan ṣoṣo tọ́ gíláàsì. Ẹja dúdú náà yọrí, ó wò ó, ó sì wẹ̀ lọ bá a, ìrù rẹ̀ ń jó.

Olówùú rí i. Ó yí padà wọ ilé ìdáná lọ, kò sì bá ẹja náà sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.